Orúkọ Tí Mo Pè Lórí Àpáta

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Mo fẹ́ kí yín dáadáa kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí mo gbọ́ pé ẹni tí ó mú ìròyìn mi wá bá yín kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò béèrè àlàáfíà yín, kò béèrè ti Bàbá Ìdó, omi tí ẹ bù fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Nítorí náà, ẹ kú ilé. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú wàhálà ọjà, ẹ kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá Ìdó, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí wọ́n dúró bíi bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá wa ti sùn nínú Olúwa. Mo kí Fọlákẹ́, àbúrò mi obìnrin, àti àwọn ọmọ kéékèèké tí ó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tuntun. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Òkè Baálẹ̀. Báyọ̀, àbíkẹ́yìn yín, wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín; ara rẹ̀ le, ó ní kí n kí yín.

Èmi kò ní dárúkọ ọkùnrin náà nínú ìwé ìròyìn, nítorí òun náà ní òbí, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò dára, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka lẹ́tà yìí mọ ìdí rẹ̀. Bí ọmọ ẹnì kan bá ṣìwà hù ní ìdálẹ̀, ilé rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ lọ. A ó pe àgbà kan sí kọ̀rọ̀, a ó rọra sọ ọ́ fún un, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ilé náà láti bá ọmọ rẹ̀ wí. Ọ̀gbẹ́ni yìí sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ó wọ rélùwéè dé Òṣogbo, kò yà sọ́dọ̀ yín, ó sì gba Òṣú lọ tààrà. Nínú ilé àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ fi Fọlákẹ́ ṣe aya ni ó jókòó sí, tí ó sọ fún wọn pé èmi, Gbádébọ̀, ọmọ tí ó jáde ní girama, ń pe Bùọ̀dá Àjàyí, àkọ́bí ilé wọn, ní orúkọ lásán bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Ó ní òun fi etí ara òun gbọ́ ọ lórí òkè kan, níwájú àwọn òyìnbó: “Àjàyí, máa bọ̀.” “Àjàyí, dúró.” Kò sí Bùọ̀dá níbẹ̀, kò sí sà, kò sí ẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ó tún un sọ ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀dọ̀ yín ni ó ṣe ìkẹyìn.

Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ará Òṣú ti dá ètò ìgbéyàwó dúró. Òrùka wọn ṣì wà ní ìka Fọlákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ránṣẹ́ pé a kò ní kéde ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn títí Bàbá Ìdó yóò fi wá dọ̀bálẹ̀ ní ipò mi. Mo gbọ́ pé Bàbá Ìdó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Kò yẹ kí ọmọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó yára jù, èmi kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó díẹ̀ sí i kí wọ́n tó wọ bàtà. Fọlákẹ́ kọ̀wé sí mi. Kò sunkún sínú rẹ̀, kò sì bú mi. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni.

Òótọ́ ni. Mo pe orúkọ náà, bí a bá sì padà síbẹ̀ ní Sátidé tí ń bọ̀, n ó tún pè é. Ìta ni wọ́n ti sọ ọ́, nítorí náà ìta ni mo ti fẹ́ dáhùn. Mo bẹ olóòtú ìwé ìròyìn yìí, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ yóò ti dé ọ̀dọ̀ yín kí wọ́n tó tẹ èyí, nítorí èmi kò gbọdọ̀ ṣe sí yín ohun tí mo ń bá ẹlòmíràn wí lé lórí.

Fún àwọn tí kò mọ̀ wá, ilé iṣẹ́ irin ni mo ń ṣiṣẹ́ sí ní Ṣẹ́fíìdì, mo sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bùọ̀dá Àjàyí ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ogun parí. Àwọn ni wọ́n bá mi wá yàrá, tí wọ́n fi irú aṣọ tí a ń wọ̀ sí àyà nígbà òtútù hàn mí, tí wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ní bàbá ní ìlú yìí, àwọn ni. Bí mo bá kàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ilẹ̀ ni mo ń lọ, bí yìnyín tilẹ̀ bo ilẹ̀ náà. Obìnrin òyìnbó tí ó wà ní ilé kejì rò nígbà kan pé mo ṣubú ni, ó sì sáré gbé omi gbígbóná jáde. Bùọ̀dá sọ fún un pé kí ó má ṣe ìyọnu, pé bí a ti ń sọ pé ẹ káàárọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń pa mí. Òjò ibí kì í rọ̀ kí ó dá. Ó máa ń rọ̀ bí ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ó ń kún kẹ́yìn. Owó oṣù ń tó mi lò, ti ilé sì ń kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ ti mọ̀. Ohun tí n kò kọ sí yín rí ni pé ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo jẹun, tí mo jókòó ti ìwé mi, ẹsẹ̀ mi a máa wá ọ̀nà jáde. N ó dìde, n ó rìn dé fèrèsé, n ó padà, títí onílé mi yóò fi máa fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà láti ìsàlẹ̀. Mo gbàdúrà sí i. Mo kàwé sí i. Kò lọ. Bí mo ti ń kọ èyí lọ́wọ́, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní ìdí ìléru ni wọ́n pè wá jáde ní Sátidé kan. Wọ́n ní àpáta wà lẹ́yìn ìlú, bọ́ọ̀sì ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí á wá wò ó. Bùọ̀dá Àjàyí kọ́kọ́ gbà, nítorí wọ́n fẹ́ràn ohunkóhun tí ó bá lè mú wọn kúrò nínú èéfín. Mo tẹ̀ lé wọn nítorí pé n kò lè jẹ́ kí wọ́n dá lọ.

Ọkùnrin yẹn sọ fún yín pé a ń fi igbà gun òkúta bí akọpẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀, Yèyé. Igbà akọpẹ yí igi ká, ó sì gbé akọpẹ ró. Okùn tiwa kò gbé aṣíwájú ró. Aṣíwájú ni ó ń gbé okùn lọ. Ó so ó mọ́ ìbàdí, ó gòkè pẹ̀lú ọwọ́ àti bàtà kánfáàsì, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ sì ń tú u sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rí òkúta tí ó yọ ṣóńṣó, yóò fi okùn kúkurú kan kọ́ ọ, yóò sì gba okùn ńlá kọjá nínú ìkọ́ irin lára rẹ̀. Bí ó bá já bọ́, ibẹ̀ ni okùn yóò ti gbá a mú. Bí kò bá sí ṣóńṣó, kò sí ibi tí okùn yóò ti gbá a mú. Lórí àpáta agbègbè yìí, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní nǹkan kan rárá: ojú rẹ̀ dán, ó yípo bí ikùn ìkòkò, aṣíwájú yóò sì gòkè sí i pẹ̀lú ìmọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ já. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀, nítorí okùn ti wà lókè orí rẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí wọn kì í kan ìṣó sí i. Èmi náà béèrè. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn wọn. Wọ́n ní kò bójú mu. Ẹni tí ó bá kan ìṣó ti ba àpáta jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ti gba ohun tí agbára rẹ̀ kò tó. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè gùn ún bí ó ti wà, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ pé òun kò lè gùn ún, kí ó sì lọ mu tíì. Ẹni tí ó bá fa okùn láti fi gòkè kò gbọdọ̀ sọ pé òun gun ibẹ̀. A kì í gba iwájú ẹni tí ó ti dé ìdí àpáta ṣáájú. A kì í pariwo sí ẹni tí ó wà ní ibi tí ó le. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi mọ̀ pé n kò lè wà láàárín àwọn tí kò ní òfin. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, àárín àwọn ayọ́rin wọ̀nyí, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà, ni mo ti kọ́kọ́ rí ìwà tí ó dà bí èyí tí ẹ fi tọ́ wa.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo ń wá lókè náà. N kò lè sọ ọ́ tán. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti kúrò nílẹ̀ tí ṣóńṣó tí ó kẹ́yìn sì ti jìnnà sísàlẹ̀ mi, ìrìn àìsinmi tí ó wà nínú mi a dúró. N kò ní ronú Ṣẹ́fíìdì, n kò ní ronú ìdánwò. Ibi tí ìka mi wà àti ibi tí yóò lọ nìkan ni ó kù. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà mọ́, ó sì ní ìdí, kò dà bí èyí tí ń bá mi ní yàrá. Àpáta náà kò bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Àléébù rẹ̀ ni pé ìtura náà kì í pẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ara mi a tún bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, Yèyé, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tí ó kàn. Gbogbo wa wà láàyè.

Ní ìgbà tí ewé igi ń wọ́ lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta ni a wà lórí okùn kan: èmi níwájú, Bùọ̀dá Àjàyí láàárín, Báyọ̀ lẹ́yìn. Àpáta náà ní pẹpẹ òkúta kan ní agbedeméjì. Mo ti mú àwọn méjèèjì dé orí pẹpẹ náà, wọ́n sì so ara wọn mọ́ ṣóńṣó kan níbẹ̀. Mo dá gun apá tí ó kù, mo dé òkè, mo so ara mi mọ́ òkúta ńlá kan, mo sì fa okùn títí ó fi le. Ohun tí ó kù ni kí Bùọ̀dá tú ara wọn kúrò lára ṣóńṣó, kí wọ́n gòkè wá bá mi, kí Báyọ̀ sì dúró ní síso lórí pẹpẹ, kí ó máa tú okùn sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. N kò rí wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Ohùn nìkan ni a ní, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Mo ké sí Bùọ̀dá bí ẹ ti kọ́ mi láti máa ké sí ẹni tí ó jù mí lọ. Mo ní, “Ẹ máa bọ̀, sà.”

Bùọ̀dá gbọ́ ọ pé àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Báyọ̀ gbọ́ ọ pé àwọn méjèèjì ni. Kò sí èyí tí kò gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Ẹnì kan tí ó dàgbà ni ẹ, ènìyàn méjì náà sì ni ẹ. Nínú ilé, ojú ni a fi ń mọ èyí tí ó jẹ́, n kò sì rí ojú tiwọn. Báyọ̀ ní òun tilẹ̀ rò pé mo fẹ́ kí àwọn ṣe kíá kí òjò tó dé ni. Ó tú ara rẹ̀ kúrò lára ṣóńṣó, ó sì tẹ̀ lé Bùọ̀dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ níbi tí omi ti ń ṣun lára àpáta, okùn tí ó wà láàárín wọn fa Bùọ̀dá kúrò níbi tí wọ́n di mú, àwọn méjèèjì sì rọ̀ dirodiro. Gbogbo ìwúwo wọn dé sí ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Okùn náà sá láàárín ọwọ́ mi, ó bó awọ àtẹ́lẹwọ́ mi kí ó tó dúró. N kò já a sílẹ̀. Òkúta tí mo so ara mi mọ́ kò mì. Báyọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ họ àpáta, kò sì ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n etí pẹpẹ náà gbá Bùọ̀dá Àjàyí lẹ́sẹ̀, egungun ojúgun wọn sì dá. Àwọn tí ń gun ẹ̀gbẹ́ kejì sáré wá, wọ́n yọ ilẹ̀kùn onígi kan lára ọgbà àgùntàn, wọ́n sì fi gbé Bùọ̀dá sọ̀kalẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí ó fà á. Báyọ̀ gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé ní èdè wa, ènìyàn kan di púpọ̀ bí ó bá ti dàgbà. Nọ́ọ̀sì náà wo Bùọ̀dá lórí ibùsùn, ó ní abọ́ oúnjẹ mélòó ni kí òun wá máa gbé wá fún wọn. Bùọ̀dá ní méjì.

Nígbà tí ó ku àwa mẹ́ta, Bùọ̀dá ṣe òfin. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, bí okùn bá ti wà ní ìbàdí, kò sí Bùọ̀dá mọ́, kò sí sà, kò sì sí ẹ. Kí á pe ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí á sì sọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe, kí á dákẹ́. Mo kọ̀. Mo ní ẹnu mi kò ní lè pè é. Mo ní kí á máa fa okùn láti fi sọ̀rọ̀, kí á máa súfèé. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń gbé súfèé lọ, okùn sì ń há sínú àpáta. Wọ́n ní orúkọ tí ìyá àwọn sọ àwọn kì í ṣe èébú, pé ó kúrú, ó sì ń dún jìnnà, àfi bí mo bá fẹ́ kí àwọn máa fi ẹsẹ̀ kan san owó ìwà rere mi. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo béèrè ohun kan: kí á tó so okùn, n ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, bí a bá sì ti tú u tán, n ó tún dọ̀bálẹ̀ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ní kò burú, bí ilẹ̀ kò bá ti tutù jù fún mi.

Wọ́n ṣe òfin kan sí i, tí inú mi kò dùn sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà sí Òṣú. Màmá wọn ti dàgbà, oorun wọn kò tó nǹkan, kí wọ́n má mọ̀. Ara wọn ni, ìyá wọn sì ni. Àbúrò ni mo jẹ́. Mo pa ẹnu mi mọ́, n kò sì lè sọ fún ẹ̀yin náà, nítorí ohun tí ẹ bá mọ̀ ní Òkè Baálẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó dé Òṣú.

Ìgbà òtútù gùn. Bùọ̀dá jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì funfun àwọn dókítà, èmi sì ń rìn yí wọn ká, títí wọ́n fi ní kí n jókòó tàbí kí n jáde, pé ojú ń yí àwọn. Àwọn gan-an ni wọ́n sọ pé a ó padà. Mo ní kí wọ́n rò ó dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti ní àkókò púpọ̀ láti rò ó.

A padà nígbà tí koríko ń hù. Ọjọ́ kejì tí a lọ ni ọkùnrin tí mo ń sọ yìí, ẹni tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní òun yóò wá bá wa, kí ó lè rí ìgbèríko kí ó tó padà sílé. Ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ́. Kí ó tó dé, mo ti dọ̀bálẹ̀ lórí koríko, mo ti kí Bùọ̀dá tán. Àwọn òyìnbó tí wọ́n mọ̀ wá ti mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ máa ń ṣí fìlà títí n ó fi dìde. Ìgbà tí ó dé ìsàlẹ̀, mo ti wà lójú àpáta. Ibẹ̀ kò ní ṣóńṣó kankan. Mo ti kọjá ibi tí mo lè ti padà, ìka mi wà nínú ihò kan tí kò gbà ju méjì lọ, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo dúró títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fi ara tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà mí. Mo dé òkè, mo so ara mi, mo fa okùn, mo sì ké pé: “Àjàyí, máa bọ̀.” Báyọ̀, tí ó wà nísàlẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀.

Bùọ̀dá ti gun àpáta náà dé ìdajì nígbà tí mo rí i pé okùn ń ha òkúta kan tí yìnyín ìgbà òtútù ti tú kúrò nídìí. Ó tóbi tó orí ènìyàn. Ó mì, ó sì dà síwájú. Bùọ̀dá kò rí i. Ojú wọn wà lára ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì fẹ́ gbé ara sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo ní, “Àjàyí, dúró.” Wọ́n dúró, ọwọ́ kan lókè. Òkúta náà kọjá níwájú àyà wọn, ó sì lọ wọ inú koríko gìrìgìrì. Bí mo bá ní kí n sọ pé Bùọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ dúró ná, òkúta ìbá ti dé orí wọn kí n tó dé sà.

Ohun tí ọkùnrin náà gbọ́ nìyẹn. Ó wà ní ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń bu tíì sínú ife, kò rí òkúta, ohùn mi nìkan ni ó dé etí rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ. Kò dúró títí a fi sọ̀kalẹ̀ tí a tú okùn, tí mo sì tún dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò rí i bí Bùọ̀dá ti dé òkè pẹ̀lú, tí wọ́n jókòó tì mí, tí wọ́n béèrè pé ọmọ ta ni ó ń pe àwọn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

Bùọ̀dá jókòó níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n sì ń bínú sí Òṣú. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n ní mo bú, ẹnikẹ́ni kò sì bi àwọn bóyá mo bú àwọn. Wọ́n ní bí Bàbá Ìdó bá dọ̀bálẹ̀ ní ilé àwọn nítorí orúkọ yìí, àwọn kò ní lè wo ojú wọn mọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn ni wọ́n pàṣẹ rẹ̀, kí n sì kọ ti ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú, nítorí àṣẹ náà kò ní yé ẹnikẹ́ni láìsí ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n nípa Màmá. Wọ́n gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. Wọ́n ní kí Màmá má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ìyá Gbádébọ̀ ni kí ó sọ fún wọn, nítorí ọmọ tirẹ̀ náà wà lórí okùn.

Ẹ ti ní kí n búra pé n kò ní lọ síbẹ̀ mọ́. N kò ní búra, Yèyé, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo bá fún yín kì í ṣe ohun tí mo lè yẹ̀, n kò sì mọ ohun tí n ó ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi ní àwọn ìrọ̀lẹ́ ìlú yìí bí mo bá búra. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí àpáta bá tutù, a ó dúró nísàlẹ̀. Bí ó bá ju agbára mi lọ, n ó sọ̀kalẹ̀, n ó sì jẹ́wọ́. Báyọ̀ kò sì ní ṣáájú níbikíbi títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tó yín. Kò tó èmi náà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ bá mi kí àwọn àgbà àdúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ ṣe ìnáwó ẹkún. Kí ó fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle dá yín lọ́lá, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ ọmọ Fọlákẹ́, kí ojú wa sì tún rí ojú yín ní ayọ̀.

Ní ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lọ sí Òṣú. Kí Bàbá Ìdó bá yín lọ, kí wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n bá gbé fún wọn, kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ wọ yàrá tọ Màmá lọ. Ti ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ sọ pé ó ti jiná, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ti orúkọ, kí ẹ sì bá wọn dá ọjọ́ tí a ó kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó dìde. Fọlákẹ́ kò gbọdọ̀ bọ́ òrùka náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádébọ̀